Irin Ojú Tí Ìyá Àgbà Mi Fọ́ Lórí Àpáta

Ìyá àgbà mi kì í ju nǹkan fún ènìyàn. Ìbáà ṣe ọ̀bẹ, ìbáà ṣe ṣíbí, ìbáà ṣe ẹyọ kajú kan, wọn yóò kọ́kọ́ yí i kí ibi ìdìmú rẹ̀ lè kọjú sí ọ, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ ní àtẹ́lẹwọ́, wọn ò sì ní fi í sílẹ̀ títí ìka rẹ yóò fi pa dé. Bí o bá na ọwọ́ láìwò wọ́n, wọn yóò dúró, wọn yóò máa wò ọ́ títí wàá fi yí ojú padà. Nígbà tí mo kéré, mo rò pé bí gbogbo ìyá àgbà ṣe ń fún ọmọ ní nǹkan nìyẹn. Ìgbà tí mo dé ilé àwọn ẹlòmíràn ni mo tó mọ̀ pé àwọn ìyá kan wà tó ń ju iṣu sísun sí ọmọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọjọ́ kan tí mo ju àlùmọ́gàjí sí ìyá mi lórí ẹní, Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e, wọ́n nù ún, wọ́n fà á lé ìyá mi lọ́wọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní: "Ohun tó bá lẹ́nu, a kì í jù ú. À ń fà á léni lọ́wọ́ ni."

Oṣù tó kọjá ni wọ́n jáde láyé, nínú ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Orúkọ ìsàmì wọn ni Fẹlisité, àmọ́ Màmá Olójú ni ìlú ń pè wọ́n, Bàbá àgbà nìkan ló sì ń pè wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́. Mi ò lè sọ ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ṣáájú wọn lọ. Ohun tí mo ní ni ìwà tí mo bá lọ́wọ́ wọn, ìjà wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, àti ohun kan tí wọ́n ṣe, tí gbogbo ilé wa mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í mẹ́nu kàn bí a bá jókòó ti oúnjẹ.

Olùtọ́jú aláìsàn ni wọ́n, ní ilé ìwòsàn ojú kékeré kan tó wà ní ìdí òkè nígbà náà, tí kò jìnnà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ó ti di títì báyìí, ewúrẹ́ ló ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni láti tọ́jú àwọn irin tí dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú, kí wọ́n sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa fà wọ́n lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ojú kì í gbé ojú tirẹ̀ kúrò nínú awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi. Ọwọ́ ló kàn ń nà. Bí irin bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ní òdì, ẹni tó sùn sórí tábìlì ló máa jìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá àgbà ṣe gbé ìwà yẹn wálé, bí àwọn mìíràn ṣe ń gbé òórùn ẹja wálé láti ọjà. Bí a bá fi wọ́n ṣàwàdà pé wọn ò lè ṣe nǹkan kíákíá bí ènìyàn, wọn á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn á ní: "Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti di ọwọ́ ẹlòmíràn."

Ọjọ́ kan tí wọ́n ń dín ẹyin ni mo bi wọ́n léèrè pé kí ni irin ń wá nínú ojú ènìyàn. Wọ́n gbé agbada kúrò lórí iná. Wọ́n mú ẹyin kan, wọ́n fọ́ ọ sínú àwo. Wọ́n ní, "Kí ni à ń pe èyí tó wà lójú rẹ yẹn?"

Mo ní, "Ẹyinjú."

"Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ò purọ́." Wọ́n fi ìka kan funfun ẹyin náà, ó fà tẹ̀lé ìka wọn. "Omi yíyi bí irú èyí ló kún inú ojú." Lẹ́yìn náà wọ́n gbé èèpo rẹ̀, wọ́n fi èékánná ṣí awọ tín-ín-rín tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, awọ tí afẹ́fẹ́ ẹnu lè ya. "Ẹ̀yìn ojú lọ́hùn-ún, awọ kan lẹ̀ mọ́ ọn bí èyí. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Bó bá ṣí kúrò bí ẹfun ṣe ń ṣí kúrò lára ògiri, onítọ̀hún ti fọ́jú, àfi bí a bá tètè wọlé lọ lẹ̀ ẹ́ padà." Wọ́n sọ fún mi nípa irin tó ní iná lórí, tí wọ́n ń tì bọ ojú bí ẹni gbé àtùpà wọ yàrá, àti ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ kòkòrò. Wọ́n tún sọ fún mi nípa èyí tí wọ́n fúnra wọn ń pè ní eku. Ó rí bí abẹ́rẹ́, ihò gba inú rẹ̀ já, ẹnu kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Nínú ẹnu yẹn ni abẹ kan ti ń lọ tó ń bọ̀, tó ń gé omi yíyi náà díẹ̀díẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ àgbàdo, tí ẹ̀rọ sì ń fà á jáde. Ẹni tó ṣe eku náà sọ pé ojú ẹnì kan ṣoṣo ni kí a fi í ṣe, kí a sì jù ú nù. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí a kò lè fọ̀ ọ́. Wọ́n wo awọ ẹyin tó wà lórí ìka wọn, wọ́n ní: "Ihò rẹ̀ tín-ín-rín ju ohun tí ojú mi lè rí lọ. Ohun tí mi ò rí, mi ò lè búra pé mo ti fọ̀ ọ́."

Wọn kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Àbúrò wọn kan wà ní Adido, Ìyá Adido là ń pè é, tó máa ń fún omi ewé sí ojú àwọn ọmọ tí ojú bá ń dùn wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ kan dé ilé ìwòsàn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ojú ọmọ náà ti funfun bí ẹfun, Ìyá àgbà gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ sí Adido ní aṣọ iṣẹ́ wọn. Wọn ò kí ará ilé. Wọ́n wọ ilé ìdáná lọ gbé ìkòkò ewé náà, wọ́n dà á sí gbangba. Ìyá Adido jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò dìde. Ó ní, "Ìwọ ń fi irin gún ojú ènìyàn, èmi ń fi ewé wò ó. Ta ni ìkà nínú wa?" Ó tó ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tún bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo bú Ìyá Adido lójú wọn nílé, wọ́n dá mi lẹ́kun. Wọ́n ní: "Ìbéèrè rẹ̀ dára. Ẹni tó bá ń tọwọ́ bọ ojú ẹlòmíràn, kó máa bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀."

Bàbá àgbà mi, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Lásísì, àgbẹ̀ ni wọ́n. Iṣu àti kajú ni wọ́n ń gbìn ní ọ̀nà Ofè. Mùsùlùmí ni wọ́n, Ìyá àgbà jẹ́ Àgùdà, kò sì sí ẹni tó bá èkejì jà lórí ìyẹn rí. Ìjà omi ni wọ́n máa ń jà. Bàbá ń ṣe àlùwàlá, Ìyá àgbà ń fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a kì í bá omi nínú ìkòkò ilé wa. Ojú kan ṣoṣo ni Bàbá ní. Ìgbóná ló mú èkejì lọ ní kékeré wọn. Wọ́n máa ń fi yangàn. Bí àlejò bá dé, wọn á tọ́ka sí ìyàwó wọn, wọn á ní: "Ojú kan ni mo fi rí Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní méjì ò rí i."

Àwọn dókítà láti òkè òkun ló gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ojú wá sí ilé ìwòsàn náà. Wọ́n kọ́ dókítà wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wá láti ìhà Àjàṣẹ́, bí a ṣe ń lò ó, wọ́n fi eku tuntun sílẹ̀ kún àpótí, wọ́n sì ní àwọn yóò máa fi òmíràn ránṣẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Àwọn ènìyàn wá láti Paráku, láti Kétu, àwọn tí ọmọ ń fi ọ̀pá fà, wọ́n sì ń dá nìkan rìn padà lọ sílé. Nígbà tó yá, kò sí ohun tó dé mọ́. Eku tuntun tán. Aláìsàn ò tán. Dókítà àti Ìyá àgbà jókòó sọ ọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn tí wọ́n ti lò, wọ́n ń fi oru omi gbígbóná pa kòkòrò ara wọn, wọ́n sì tún ń lò wọ́n. Ojú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe yè. Ìyá àgbà kò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn ló ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn náà ni Síkírá wá. Aránṣọ ni, ará Ofè, kò tíì bí ju ọmọ kan lọ. Alùpùpù ló gbé e ṣubú tí awọ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ fi ṣí. Wọ́n ṣe é fún un, nígbà tí wọ́n sì tú aṣọ ojú rẹ̀, ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó wú, ó kún fún ọyún, oògùn ò ràn án. Kí ìyà náà lè dúró, dókítà ní láti yọ ojú náà. Ìyá àgbà mú irin tí wọ́n lò fún un, wọ́n là á, wọ́n sì gbé ihò rẹ̀ sábẹ́ awò ńlá. Ohun tó ṣẹ́kù láti ojú ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà nìkan ló dá lọ bá àwọn ará ilé Síkírá ní Ofè. Ìyá Síkírá kò bú wọn. Ó gbé àga fún wọn, ó bu omi fún wọn mu, ó jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé kòkòrò yẹn ti wà nínú irin náà kó tó wọ ojú ọmọ mi?"

Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ pé àwọn fi dá a lóhùn: "Ó ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Láti ìgbà náà, dókítà àti Ìyá àgbà gbà pé àwọn kò ní ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ mọ́ títí eku tuntun yóò fi dé. Àmọ́ dókítà kò ju àwọn tó kù nínú àpótí nù. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í kọ koríko.

Ẹ̀ka kajú ló bẹ̀rẹ̀ tiwa. Bàbá ń gé igi lóko, wọ́n tẹ ẹ̀ka kan sẹ́yìn, ẹ̀ka náà já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì gbá wọn ní ojú kan ṣoṣo tó kù. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní àwọn ń rí nǹkan bíi mànàmáná, wọ́n tún ń rí eéru tó ń fò. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní ó dà bí ẹni pé aṣọ dúdú kan ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìyá àgbà gbé abọ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Mi ò rí wọn kí wọ́n jókòó lójijì bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà wo ojú náà. Ó ní awọ náà ti ń ṣí, àmọ́ àárín rẹ̀, ibi tí a fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀, ṣì lẹ̀. Ó pe Kútọnu; ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà níbẹ̀ ti rìnrìn àjò, yóò sì pẹ́ kó tó dé. A ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Nàìjíríà. Owó tí a gbọ́ pé wọn yóò gbà kọjá agbára wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan dókítà fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ìyá mi wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ Búrọ̀dá Rafíù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyá àgbà bí, wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀.

Dókítà ní, "Màmá, ẹyọ kan wà nínú àwọn tó kù tí a lò lẹ́ẹ̀kan péré. Mo lè fi ṣe é fún Bàbá lónìí."

Ìyá àgbà ní, "Èyí tí a fi ṣe ti Síkírá náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ti lò ó."

"Mo mọ̀, Màmá. Àmọ́ àwọn tí ojú wọn yè pọ̀ ju ìyẹn lọ."

Bàbá ní, "Dókítà, bí a ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Ẹ máa fọ́jú, Bàbá."

"Bí a bá ṣe é?"

"Ẹ lè ríran. Ẹ sì lè bá ara yín níbi tí Síkírá bá ara rẹ̀."

Bàbá kò ronú pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ ṣe é." Wọ́n wá yí ojú sí ìhà ibi tí ìyàwó wọn jókòó sí. "Àbẹ̀kẹ́, ojú tèmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Ìyá àgbà mú. Búrọ̀dá Rafíù ń bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú omijé. Níkẹyìn Ìyá àgbà dìde, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ tọ́jú irin." Gbogbo wa rò pé wọ́n ti gbà. Búrọ̀dá Rafíù fi alùpùpù tirẹ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ó sá eré débi pé ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ lábẹ́ wọn ní ìdí òkè.

Búrọ̀dá Rafíù ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wa. Ó ní Ìyá àgbà ṣí àpótí, wọ́n kó gbogbo eku tó kù sínú aṣọ kan, wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde sí ibi tí àpáta ti yọ láti inú ilẹ̀. Wọ́n gbé òkúta kan. Búrọ̀dá Rafíù rò pé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irin nìyẹn, títí tó fi gbọ́ tí wọ́n ń fọ́. Kó tó sáré débẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di ẹ̀rún, títí kan èyí tí dókítà sọ. Nígbà tí dókítà dé, ó dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá àgbà dìde, wọ́n gbọn aṣọ náà. Wọ́n ní: "Bí mo bá gbà á fún ọkọ mi, ta ni màá kọ̀ ọ́ fún lọ́la?"

Wọn ò gun alùpùpù padà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Bàbá ti múra, wọ́n ti wọ agbádá funfun wọn, wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ń dúró. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọn ò rán ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ náà. Wọ́n ní, "Bàbá Rafíù, mo ti fọ́ wọn."

Bàbá ní: "Irin kọ́ lo fọ́, Àbẹ̀kẹ́."

Aṣọ dúdú náà ń gòkè. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bo gbogbo rẹ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọn á yí orí wa síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọn á wá ibi tí ojú wọn ṣì lè mú. Wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wo Búrọ̀dá Rafíù, wọ́n wo èmi. Wọn ò pe Ìyá àgbà. Ìyá àgbà dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń wò wá, wọn ò sì wá. Nígbà tí mo dìde, Bàbá ní: "Ó tó. Mo ti rí àwọn tí mo fẹ́ rí."

Ìgbà tí kajú ń tanná ni páálí kan dé láti òkè òkun, eku tuntun kún inú rẹ̀. Dókítà ní kí a gbé Bàbá wá. Ó wo ojú náà pẹ́. Awọ náà ti ká jọ bí ewé tó gbẹ, kò sí ohun tí irin kankan lè nà nínú rẹ̀ mọ́. Kò sọ ọ́ fún Bàbá ní gbọ̀ngàn. Ó mú wọn lọ́wọ́ jáde sí ìta ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Ìyá àgbà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n já eku tuntun nínú ọ̀rá rẹ̀, wọ́n sì fà á lé dókítà lọ́wọ́, fún ojú ọkùnrin oníṣòwò kan tí a kò mọ̀ rí. Ojú ọkùnrin náà yè. Mo bi wọ́n nígbà tí mo ti dàgbà pé báwo ni ó ṣe rí lára wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní: "Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù."

Búrọ̀dá Rafíù kó lọ sí Paráku. Ọdún iléyá ló ń wá kí bàbá rẹ̀. Á kí Ìyá àgbà pẹ̀lú, á dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ kì í jẹ oúnjẹ tó ti ọwọ́ wọn jáde mọ́. Á ní òun ti yó. Ìyá àgbà á gún iyán síbẹ̀, wọ́n á se ọbẹ̀ pẹ̀lú wàrà àwọn Fúlàní tí ọmọ wọn fẹ́ràn, wọ́n á gbé e sí iwájú rẹ̀, wọ́n á sì tún gbé e kúrò bó ṣe wà. Ìyá mi ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní: "Tirẹ̀ ni kó má jẹ. Tèmi ni kí n sè é."

Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní obìnrin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ kò ní ọkàn. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dé etí wọn ní ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n á sì gbé omi wọn, wọ́n á máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ tí wọ́n dáhùn, ìyá mi ni wọ́n sì dá lóhùn, nítorí pé ìyá mi ti mutí díẹ̀ ní ibi ìsàmì ọmọ kan, ó sì bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọn ò tilẹ̀ dúró kí gbogbo ilé gbìmọ̀ tán. Wọ́n wò ó láìbínú. Wọ́n ní: "Ẹ̀ ń sọ pé ọkàn mi le. Bí ó bá le ni, ǹ bá dúró. Mo yára nítorí mo mọ̀ pé tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, màá lo irin náà."

Bàbá kò rọrùn láti bá gbé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ń fọ́ àwo. Wọ́n ń pariwo bí ẹnikẹ́ni bá gbé àga kúrò ní ipò rẹ̀. Fún ọdún kan ó lé, orúkọ Àbẹ̀kẹ́ kò jáde lẹ́nu wọn àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbẹ́. Ìyá àgbà ló ń mú wọn lọ, àwọn ló ń bu omi àlùwàlá wọn, àwọn ló ń yí wọn sí ìhà tí wọ́n ń kọjú sí láti kírun. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó síta, Bàbá á sì máa béèrè bí ayé ṣe rí. Báwo ni òkè? Báwo ni oko? Ìyá àgbà kì í fi oyin sí i. Nígbà tí koríko bo oko kajú, wọ́n ní koríko ti bò ó. Nígbà tí ìjì wó igi tí Bàbá kọ́kọ́ gbìn, wọ́n sọ fún wọn kí wọ́n tó jẹun. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò bá tilẹ̀ parọ́ díẹ̀ kí ọkàn wọn balẹ̀." Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní: "Mo ti gba ojú wọn. Mi ò ní fi irọ́ lé e."

Àìsàn inú ló pa Ìyá àgbà. Inú wọn wú, ara wọn gbẹ. Wọ́n kọ̀ láti lọ sí Paráku, wọn ò sì fẹ́ kí a gbé àwọn lọ sí Kútọnu. Bàbá ní kí a gbé àga àwọn sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà tiwọn, Ìyá àgbà ń ka ìlẹ̀kẹ̀ Màríà tiwọn. Mi ò gbọ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ ohun tó gùn. Ọ̀sán kan tí mo ń se iṣu ní ilé ìdáná, mo gbọ́ tí Bàbá ní, "Ẹ wá. Kò mí mọ́." Àwọn tó ríran wà káàkiri ilé. Bàbá ló kọ́kọ́ mọ̀.

Fádà ka àdúrà, a sì sin wọ́n sí ẹ̀yìn ilé. Búrọ̀dá Rafíù dé láti Paráku. Ó sunkún débi pé ọkùnrin méjì ló dì í mú. Ní ọjọ́ kejì, tí àlejò ti dín kù, ó kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sọ́dọ̀ mi. Ilé yìí ni Ìyá ti fọ́ ojú yín. Ẹ ti dárí jì wọ́n, ó tó. Kò yẹ kí ẹ tún máa gbé níhìn-ín."

Bàbá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo dárí jì í?"

Búrọ̀dá Rafíù gbé ojú sókè wò wọ́n.

Bàbá ní, "Ìyá rẹ ò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ mi rí, kò sí ọjọ́ kan. Bí ó bá tọrọ rẹ̀, ǹ bá ní rárá. Ó mọ̀, kò sì tọrọ. Ó ń bá mi gbé bẹ́ẹ̀. Ìwọ sá lọ sí Paráku. Òun ò sá."

Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ilẹ̀ náà ṣì rọ̀, ẹsẹ̀ wọn ń rì. Wọ́n dúró pẹ́. Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀ kí n fún wọn láyè, àmọ́ wọn ò fi apá mi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ. Ohùn tí wọ́n fi ń bá Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́.

"Àbẹ̀kẹ́, ohun tó tọ́ ni o ṣe. Mi ò tíì dárí jì ọ́. Dúró dè mí."